Kùnú fún ọmọ tí àlìkámà ń bá jà: kí lẹ fi ń sọ kùnú di ṣíṣàn lọ́dọ̀ yín?

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ kan wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin ọdún 9, ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní celiac. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé òun ni. Láti ọjọ́ náà ni búrẹ́dì, pọ́fùpọ́fù, ṣinṣín, indomie àti sẹ̀mó ti di èèwọ̀ rẹ̀, torí àlìkámà wà nínú gbogbo wọn. Ara rẹ̀ ti ń mókun. Ikùn tó máa ń wú bí ìlù ti wálẹ̀, aṣọ tó ń yọ̀ lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń bá a mu.

Lóṣù tó kọjá a lọ kí ìyá mi n'Ìbàdàn, ọmọ náà sì mu kùnú. Mo gbà fún un torí mo mọ̀ pé jéró ni wọ́n fi ń ṣe kùnú, dókítà sì ti sọ fún mi pé kò sí gluten, ìyẹn ohun inú àlìkámà tó ń bá a jà, nínú jéró. Kó tó di alẹ́, inú ti ń run ún, ó sì ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì. Mo ṣe bí omi tí wọ́n fi ṣe é ni ò mọ́. Nígbà tí a tún lọ, mo ra kùnú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ibi títà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀.

Ṣé gluten wà nínú kùnú ni? Ọmọ yìí fẹ́ràn kùnú ju ẹran lọ. Ó ń sunkún, ó ní gbogbo nǹkan tó dùn ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kí lẹ máa ń pò pọ̀ mọ́ jéró ládùúgbò yín? Mi ò fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi fún un ní ohun tó máa pa á lára.

Elékùnú Ṣábó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Olúwa á bá yín wo ọmọ náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta kùnú, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti kọ́ ọ, ọmọ Kàtsínà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀ fún yín.

Jéró nìkan kọ́ ló ń wà nínú kùnú zaki, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike. Tí ẹ bá lọ jéró, tí ẹ da omi gbígbóná lé e, ògì lẹ máa rí, ṣíbí lẹ ó sì fi mu ún. Ohun tó ń sọ ọ́ di ohun mímu tó ń ṣàn, tó sì ń jẹ́ kí adùn díẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kí ṣúgà tó dé ibẹ̀, ni ohun kejì tí a ń lọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ń lo ọ̀dùnkún tútù. Àwọn kan ń lo ìrẹsì tó ti yọ èéhù. Àwọn mìíràn sì rèé, àlìkámà tó ti yọ èéhù ni wọ́n ń lò. Ó ń tètè hù, ọwọ́ rẹ̀ sì le, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ á là odidi korobá kan, ìyẹn ni pé á sọ ọ́ di ṣíṣàn.

Èmi náà lò ó rí, fún bí ọdún mẹ́rin. Mi ò fi ṣe èèyàn ní ibi, mi ò mọ̀ pé ó ń pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó mu ún ò lè fi ẹnu mọ̀, torí atalẹ̀ àti kànáfùrù ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má kàn bi elékùnú pé "ṣé jéró ni?" Jéró náà ni yóò sọ, kò sì purọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: "Kí lẹ fi là á?"

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Ha! Mi ò gbọ́ èyí rí láyé mi. Ẹ ṣeun gan-an, màmá. Mo ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á.

Olóúnjẹ Ìlera

Ọ̀rọ̀ màmá yìí ṣe pàtàkì gan-an. Iṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Gluten ni purotéènì tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà. Kò sí nínú jéró, ọkà bàbà, àgbàdo, ìrẹsì, acha (ọkà wẹ́wẹ́ kan lápá Àríwá), òfíò tàbí ọ̀dùnkún. Lára ẹni tó ní celiac, tí gluten bá wọ inú, ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun ara rẹ̀, á máa jẹ àwọn irun kéékèèké tó ń gba oúnjẹ sára. Ìyẹn ló fà á tí ọmọ fi ń jẹun tí kò sanra.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí àlìkámà bá ti hù, tàbí tó bá ti sùn mọ́jú nínú omi, gluten rẹ̀ ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì kù nínú rẹ̀ ju ohun tí ara ọmọ yìí lè gbà lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sára oúnjẹ pé kò ní gluten, kò gbọdọ̀ ju míligíráàmù 20 lọ nínú kílò kan. Ẹ wò ó bó ti kéré tó! Èérún búrẹ́dì tó já sínú ọbẹ̀ lè kọjá rẹ̀.

Ohun kan tún nìyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ sì ń fura sí ọmọ tiyín: ẹ má tíì yọ àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un. Tí kò bá ti jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà níbẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ẹ má bínú sí mi o. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dàgbà, mi ò gbọ́ pé búrẹ́dì ń pa ọmọ. Ṣé kì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó lẹ fẹ́ kó sí ọmọ wa lọ́rùn? Ẹ fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, kí ẹ jẹ́ kó máa jẹ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ.

Olóúnjẹ Ìlera

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ tinú yín. Ọ̀pọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀, dókítà mìíràn gan-an ń rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kan fi ń gba oògùn aràn lọ́dọọdún láìsí aràn nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti rí i pé ó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, Áfíríkà níhìn-ín ni: àwọn ará Sahrawi ní apá Sàhárà. Ìwádìí tó jáde ní 1999 rí i lára ọmọ bíi 5 sí 6 nínú 100 láàárín wọn. Àlìkámà ni wọ́n sì ń jẹ jù. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀yin baba wa jẹ iṣu, ẹ jẹ àgbàdo, ẹ jẹ ọkà bàbà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n lẹ ń rí búrẹ́dì. Àwọn ọmọ tòní ń jí lórí búrẹ́dì, wọ́n ń sùn lórí indomie.

Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ló fi àlìkámà hàn. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945 nítorí ogun, tí búrẹ́dì wọ́n, ó ṣàkíyèsí pé ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń yá, àwọn tí ebi yẹ kó ti pa. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Kò sí àgbo tó lè mú irú ìyẹn kúrò, bàbá. Yíyọ oúnjẹ náà kúrò ni oògùn rẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Mo ti gbọ́. Mo gbà. Ọmọ ọmọ mi kan wà tí ikùn rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn. Mo máa pe ìyá rẹ̀ lálẹ́ yìí.

Àǹtí Kánò

Ẹ kú àdúrótì ọmọ o, Màmá Ọmọ Mẹ́ta. Kánò ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni ọkọ gbé mi dé. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín pé kùnú kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Tí ẹ bá sọ pé kùnú níhìn-ín, wọ́n á bi yín pé èwo.

Kùnú zaki ni èyí tí ẹ mọ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike, tó tutù. Kùnú gyada ní tirẹ̀, ẹ̀pà ni. Wọ́n á lọ ẹ̀pà, wọ́n á sẹ́ wàrà rẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi ìrẹsì lílọ̀ mú un ki. Gbígbóná ni wọ́n ń mu ún pẹ̀lú àkàrà láàárọ̀. Kùnú tsamiya, omi àjàgbọn ló wà nínú rẹ̀, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Nígbà àwẹ̀ Ramadan, mi ò lè ṣínu láìsí i. Kùnú kanwa, káún ni wọ́n ń fi sí i, àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ló sábà máa ń mu ún. Àwọn ará Jọ́ọ̀sì ń fi acha ṣe tiwọn. Yàtọ̀ sí kùnú zaki tí wọ́n bá fi àlìkámà là, kò sí gluten nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí wọ́n bá ṣe é bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa: kùnú alkama náà wà. Alkama ni àwọn Hausa ń pe àlìkámà. Tí ẹ bá gbọ́ alkama nínú orúkọ ohunkóhun, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù fún ọmọ yín ni kùnú aya. Aya ni òfíò, tí àwọn kan ń pè ní ìmùmú. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an ni pé kì í ki rárá, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò ohun kankan láti là á. Òfíò, dàbínù, àgbọn, atalẹ̀, ó parí. Ẹ rẹ òfíò mọ́jú, ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, torí inú ilẹ̀ ló ti jáde, erùpẹ̀ máa ń há sí àwọn ìlà ara rẹ̀. Ẹ yọ kóró inú dàbínù, ẹ lọ gbogbo rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Kò fẹ́ ṣúgà.

Ará Peckham

Àǹtí, ẹ rán mi létí nǹkan. Mo lọ sí Valencia ní Sípéènì, wọ́n gbé ife horchata fún mi, mo fi ẹnu kàn án, mo ní "òfíò rèé!" Òfíò náà ni lóòótọ́, wọ́n ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu ní àyíká ìlú náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bèèrè horchata ní Mẹ́síkò, ìrẹsì àti sínámónì ni wọ́n máa gbé fún yín. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fi ń pe ọkà báálì ló ti wá. Orúkọ kan, nǹkan mẹ́ta, bí ti kùnú wa gẹ́lẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè bíi tèmi: ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà. Jéró wa ni wọ́n ń pè ní bajra, ọkà bàbà ni jowar. Ẹ ra odindi èso rẹ̀, ẹ má ra ìyẹ̀fun. Àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun wọ̀nyí, àlìkámà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan náà lọ̀ jù. Mo kọ́ ọ tìyàtìyà, nítorí èmi náà ní celiac, ọdún kẹfà rèé. Ẹ sì ṣọ́ra fún mọ́ọ̀tì inú ìgò tí a fi ń ṣàlejò ní òde àríyá. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọkà bàbà pupa la fi ń ṣe kùnú ju jéró lọ. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí omi òṣùn tó ti là. Ìyá àgbà mi ò mọ ọ̀dùnkún nínú kùnú, ọkà bàbà náà ni wọ́n máa ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó kó lè yọ èéhù, ọjọ́ kẹta wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ìyókù. Ṣé màmá lè ṣe ìyẹn? Ó kúkú ṣe tán, kò sí àlìkámà níbẹ̀.

Olóúnjẹ Ìlera

Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ mo fẹ́ bi yín: ṣé ìyá àgbà máa ń fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn tó bá gbẹ, kí gbòǹgbò àti èéhù náà lè já kúrò?

Ọmọ Òkè-Ògùn

Bẹ́ẹ̀ ni! Orí ẹní ni wọ́n ti máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ rà á, wọ́n á wá fẹ́ ẹ dànù bí èèpo. Mo rò pé torí kó lè mọ́ lójú ni.

Olóúnjẹ Ìlera

Ìyá àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èéhù ọkà bàbà máa ń ní májèlé kan nínú, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a fi ń rẹ ẹ́ kí a tó fi ṣe fùfú. Inú èéhù àti gbòǹgbò ló pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá lọ gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn ní tútù ń wá wàhálà. Tí màmá ò bá ti ṣe é rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dùnkún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìgbẹ́mọ

Tàbí ìrẹsì. Àgbẹ̀ ìrẹsì ni mí ní Èkìtì. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìyànjú láti mú ìrẹsì hù, kò hù, ó kẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní irọ́ ni. Ìrẹsì tí ẹ ń rà lọ́jà ti gba iná kọjá kí wọ́n tó pa á, ó ti kú. Èyí tí wọ́n sì bó funfun, ibi tí èéhù ti ń jáde lára rẹ̀ ti lọ. Èyí tó ṣì wà nínú èèpo lẹ máa wá, lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò ọ̀rá tó tutù, ẹ máa wọ́n omi sí i lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún, tí funfun rẹ̀ bá ti yọ tó gígùn èso ìrẹsì fúnra rẹ̀, ẹ sá a nínú oòrùn. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sínú agolo fún oṣù mélòó kan.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Elékùnú Ṣábó, màmá mi, ẹ dákun, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe ti ọlọ́dùnkún fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò fẹ́ ṣìṣe.

Elékùnú Ṣábó

Ìyá, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ mú jéró ife mẹ́rin. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á, iyanrìn pọ̀ nínú jéró. Ẹ rẹ ẹ́ láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ fi atalẹ̀ tútù tó tó àtàǹpàkò méjì sí i, kànáfùrù bíi mẹ́wàá, èèrù méjì tí ẹ ti yọ kóró inú rẹ̀, àti ata iyèré fún ìka méjì. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná.

Ẹ wá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìdá mẹ́ta ẹ dà sínú korobá ńlá. Ìdá kan tó kù, ẹ fi sílẹ̀ ní tútù. Ẹ bó ọ̀dùnkún méjì tó tó ìkúùkù ọmọdé, ẹ lọ òun náà, ẹ pò ó mọ́ ìdá kan yẹn. Ẹ má sè é o! Inú ọ̀dùnkún tútù ni agbára tó ń là á wà.

Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, kí ẹ máa dà á sórí ìdá mẹ́ta, kí ẹ máa fi orógùn rò ó títí á fi ki bí ògì tó jinná. Ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìṣe rèé. Ẹ máa ti ìka bọ̀ ọ́ wò. Tí ìka bá lè wà nínú rẹ̀ kí ẹ fi ka ení, èjì, ẹ̀ta kó tó máa ta yín, àkókò ti tó. Ẹ da ìdá tútù yẹn sí i, ẹ rò ó. Kí ẹ máa wò ó. Ó lè má tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ó rí i tí orógùn tó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lójú mi lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ó ṣì máa ń dùn mọ́ mi.

Ẹ bò ó di àárọ̀, ẹ fi aṣọ asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún èérí rẹ̀ gbẹ. Ṣúgà níwọ̀nba.

Olóúnjẹ Ìlera

Nítorí ìdá tí kò rí iná yẹn, àti nítorí pé ìfun ọmọ náà ṣì ń jinná, mo máa ní kí ẹ gbé e kaná lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ, kó hó díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Á tún ki díẹ̀. Ẹ fi omi sísè tó ti tutù là á. Tí kò bá sí fíríìjì, ọjọ́ kan ṣoṣo ni kùnú ní. Nínú fíríìjì, ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Níbo lẹ máa lọ̀ ọ́ sí?

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Ilé ẹ̀rọ tó wà lójú títì wa.

Elékùnú Ṣábó

Rárá o, màmá. Àwọn ẹlẹ́rọ yẹn ń lọ àlìkámà fún àwọn tó ń fi ṣe tuwó. Kódà tí ẹ bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, ti àná ṣì wà lẹ́nu òkúta ẹ̀rọ náà. Mo máa ń rí i tí wọ́n bá ṣí i, ó máa ń lẹ̀ bí àtè. Ẹ lo bílẹ́ńdà tiyín nílé, ó pẹ́ ni, kò burú. Bí ẹ bá ní ọlọ ìyá yín tí ata nìkan ló mọ̀, ẹ lò ó.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Láti Porto-Novo ni mo ti ń kọ̀wé. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, tchakpalo la ń mu, ọkà bàbà tàbí àgbàdo tó ti hù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní tútù ọjọ́ àkọ́kọ́ ó máa ń dùn létè bí omi ìrèké, tó bá ti pẹ́ ó ń pani bí ọtí, nítorí náà kì í ṣe ti ọmọdé. Àwọn Ewe ní Togo àti ní apá Volta ní Gánà ní liha tiwọn: àgbàdo tó hù ni, pẹ̀lú ṣúgà tí wọ́n yan títí ó fi pọ́n. Liha ọjọ́ àkọ́kọ́ dára fún ọmọ, kò sì sí àlìkámà nítòsí rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé rẹ̀ lọ́hùn-ún ni?

Bàbá Ìjẹ̀bú

Èmi ò gbàgbé rẹ̀! Àgbàdo ni, wọ́n á rẹ ẹ́, á hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ó tó kan, wọ́n máa ń bu ti àwa ọmọdé sọ́tọ̀ nínú igbá. Èyí tó bá di ọjọ́ kẹta di ti àwọn àgbà. Mo ṣì lè gbóòórùn igbá yẹn bí mo ṣe jókòó yìí. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ lè wà tí wọ́n nílò rẹ̀ fún ìlera wọn.

Ará Peckham

Bàbá, ó ti dé Cuba. Àwọn Lukumí, ìran Yorùbá tó wà níbẹ̀, ń pè é ní chequeté, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ níbi ọdún òrìṣà, àgbàdo àti ọsàn kíkan pẹ̀lú ṣúgà pupa. Orúkọ náà ò sọnù lójú agbami.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe é. Àkọ́kọ́ ò là rárá. Ó ki títí di àárọ̀, mo ní láti fi ṣíbí bù ú. Kí ni mo ṣe?

Elékùnú Ṣábó

Ẹ ti da ìdá tútù sí i nígbà tí èkejì ṣì ń hó. Gbígbóná yẹn ti pa agbára ọ̀dùnkún náà. Ẹ ní sùúrù fún ìka yín kí ó kà dé ẹ̀ta.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ gbà mí láyè kí n ròyìn. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo dà á sí i, mo jókòó tì í, èmi àti ọmọ náà. Orógùn yẹ̀! Ó kígbe, ó ní "Màámi, ó ti ṣubú!" Mo sẹ́ ẹ láàárọ̀, mo sè é bí Olóúnjẹ Ìlera ṣe wí, mo gbé e sínú fíríìjì. Ó mu ife méjì lọ́jọ́ Sátidé, ó mu kan lọ́jọ́ Àìkú. Òní ni Ọjọ́rú. Inú ò run ún, kò yà gbuuru, kò sí nǹkan kan.

Mo tún lọ bá elékùnú tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, mo bi í bí ẹ ṣe ní kí n bi í. Àlìkámà ló sọ lóòótọ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní kí n kọ orúkọ àìsàn náà sílẹ̀ fún òun. Ó bèèrè iye tí ọ̀dùnkún ń lọ sí i bí ó bá jẹ́ korobá ńlá ni. Elékùnú Ṣábó, ẹ bá mi dáhùn ìyẹn, kí n lè gbé e lọ fún un lọ́la.

Elékùnú Ṣábó

Jéró kóńgò mẹ́ta, ọ̀dùnkún ńlá márùn-ún. Kí ó lo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti oko, kí ó má lo èyí tó ti rọ. Ẹ sọ fún un pé kí ó fọ korobá rẹ̀ dáadáa, kí ó kó aṣọ asẹ́ rẹ̀ àtijọ́ dànù, kí ó ra aṣọ tuntun, torí ti àtijọ́ ti mu àlìkámà. Tí kò bá yé e, kí ó wá bá mi ní Ṣábó láàárọ̀ kùtù, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún.